Sulo Kì í Kọ́kọ́ Sọ̀ Kalẹ̀

Ọdún tí wọ́n wọ́ Sulo Moilanen lẹ́sẹ̀ jáde ní sáúnà, yàrá oru gbígbóná tí wọ́n ti ń làágùn, ni gbogbo abúlé mọ irú ẹni tó jẹ́. Arvo, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ló fà á lẹ́sẹ̀. Hilja, ìyàwó rẹ̀, di orí mú kó má baà fọ́ mọ́ àtẹ̀gùn. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí yìnyín níhòòhò. Ara rẹ̀ pọ́n bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Hilja ń gbá a létí, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ó rò pé òun ti di opó.

Nígbà tó ṣe, Sulo la ojú kan.

“Ta ló kọ́kọ́ jáde?”

“Ẹ̀yin ni,” Arvo ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Èmi ni mo wọ́ yín jáde.”

“Ẹni tí wọ́n wọ́ kò jáde. Ìwọ tó wọ́ mi, ṣé ẹsẹ̀ ara rẹ kọ́ lo fi rìn?”

Arvo wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Ó tán,” ni Sulo wí, ó di ojú padà. “Orí òkè là ń lọ.”

Orí òkè náà ni wọ́n lọ.

Bí wọ́n ṣe ń yan ibi ìsinmi ìgbà òtútù ní ilé Moilanen nìyẹn. Ní apá ibẹ̀ ní Finland, tí oṣù kẹta bá ti wọlé, ilé ìwé á ti ọ̀sẹ̀ kan, oníkálukú á wá ibi gbà. Àwọn kan á lọ sórí òkè lápá àríwá láti fi pákó yọ̀ lórí yìnyín. Àwọn kan á wọ bàálù lọ sí erékùṣù Kánárì, níbi tí òkun ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òkè ni Sulo ń fẹ́. Òkun ni Hilja ń fẹ́. Bàbá tó bí Sulo ló fi àṣà náà lélẹ̀: ẹ ó jọ gun pákó ìjókòó òkè nínú sáúnà, ẹ ó máa da omi sórí òkúta gbígbóná, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ gbẹ̀yìn ló ni ọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í pariwo. Ilé ẹlòmíràn ń jà, ilé Moilanen ń làágùn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Hilja fi kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi, eruku pákó sì ti jókòó sí i ní ẹ̀dọ̀fóró bí àlejò tí kò nílé. Bí oru náà bá ti gòkè, ikọ́ á mú un, ó di kó sáré jáde. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí Arvo jókòó dípò òun lọ́dún tí wọ́n wọ́ Sulo lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Arvo ní òun ò ṣe mọ́. Ó ní òun lè gbé pákó, òun ò lè máa gbé òkú tó ń jiyàn.

Kì í ṣe pé Sulo burú. Ẹnu rẹ̀ ni kì í rọ̀. Ọdún kan wà tí Hilja wúkọ́ títí, tí Sulo fúnra rẹ̀ ní kò sí sáúnà lọ́dún yẹn, òun á lọ sí ìlú lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì òkun. Hilja fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Kò mọ̀ pé ọkọ òun ti yọ òṣùwọ̀n ooru kúrò lára fèrèsé, ó ti kì í bọ àpò.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tuulikki ló jókòó ní ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì.

“Ooru ibẹ̀ tó mélòó?” Sulo bi í.

“Dígírì mẹ́rìnlélógún, bàbá.”

“Lójoojúmọ́?”

“Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀.”

“N ò bi ọ́ ní sábà. Tí mo bá débẹ̀, tí mo bá méjìlélógún ńkọ́? Dígírì méjì mi dà?”

“Bàbá, ìjókòó inú bàálù là ń tà. A kì í ta oòrùn.”

Sulo na ìka sí àwòrán oòrùn ńlá tó wà lára ògiri. “Kí ni ti ìyẹn? Ẹ̀gbọ́n mi ta ẹṣin nígbà kan. Àwòrán ẹṣin ló gbé síwájú ilé. Ẹṣin náà ló sì tà.”

Tuulikki pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá jáde, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó bẹ Sulo pé kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ìjókòó ti tán. Ọjọ́ mẹ́rin ni Hilja kò fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún ó la ẹnu, ó pè é ní òpònú. Inú Sulo dùn. Ó ní òun mọ̀ pé ìjà náà máa parí.

Wọ́n lọ sórí òkè lọ́dún yẹn náà. Òtútù lọ sí dígírì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nísàlẹ̀ òdo. Yìnyín dí ilẹ̀kùn ilé onígi tí wọ́n gbà, mọ́tò kò jí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n wà nínú ilé tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì dúdú àti sọ́séèjì. Lọ́jọ́ kẹta, kọfí tán. Hilja wo ọkọ rẹ̀.

“Sulo, ìsinmi rèé?”

Sulo wo ògiri, ó wo òrùlé, ó ronú dáadáa.

“Kò sí ẹ̀fọn,” ó ní.

Hilja rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà kò dúró. Nígbà tó mú aṣọ ìnujú kúrò lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó fẹ́ fi pamọ́, àmọ́ Sulo ti rí i. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú iná, ó fi igi méjì lé e. Ọjọ́ yẹn kò jiyàn kankan mọ́. Ẹ̀rù ìyẹn ba Hilja ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ.

Dókítà ní kí Hilja má gun òkè yìnyín mọ́. Ó ní afẹ́fẹ́ òkun kò ní wo ẹ̀dọ̀fóró náà sàn, àmọ́ á jẹ́ kó simi. Sulo bi í pé ìsimi tó mélòó. Dókítà wo Hilja. Hilja ní, “Ẹ má dá a lóhùn, dókítà. Tẹ́ ẹ bá dá a lóhùn, ibí la máa sùn.”

Ẹ̀wẹ̀, nígbà tí oṣù kìíní tún dé, Sulo dáná sáúnà. Inú bí Marketta, ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní ìlú. Ó pariwo lórí fóònù pé ṣé bàbá òun fẹ́ pa màmá òun ni. Sulo ní àṣà ni àṣà. Ó gbé fóònù kalẹ̀.

Hilja gun pákó náà. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó ti pinnu pé bí òun bá kú sórí pákó yẹn, òun á kú sókè rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ ìjókòó rẹ̀, Sulo tẹ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ. Kálukú wọn ló ní aṣọ tirẹ̀ tó fi ń jókòó nínú sáúnà. Ti Sulo ní ìlà búlúù, ìyá rẹ̀ ló hun ún. Arvo jókòó nísàlẹ̀, omi nìkan ló gbà láti máa dà.

Ìgbakọ kìíní. Òkúta kígbe, oru gòkè. Hilja fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìgbakọ kejì. Ikọ́ gbé e. Ó na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀.

Sulo dìde. Ó ká aṣọ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, ó kọjá níwájú Arvo.

“Ó gbóná,” ó ní. Ó jáde.

Hilja nìkan ló kù lókè. Ìgbakọ ṣì wà lọ́wọ́ Arvo.

“Arvo, kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé ilé ń jóná ni.”

Nígbà tí Hilja jáde, ó bá Sulo lórí àtẹ̀gùn, ó ń fi yìnyín nu ojú.

“Ṣé ara rẹ kò yá?”

“Ara mi le. Ibo lo mú?”

“Etí òkun.”

“O ò mọ nǹkan yàn. Iyanrìn á kún bàtà.”

Lọ́jọ́ kejì, Sulo fúnra rẹ̀ ló lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Kò béèrè dígírì kankan. Tuulikki tẹ Hilja láago nírọ̀lẹ́, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ ni, bàbá kan wá síbí, ó ní Sulo Moilanen ni òun, ṣé wọn kò jí ìwé rẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn náà, Sulo ṣubú síbi tí wọ́n to igi ìdáná sí. Nígbà tí Hilja débẹ̀, ó ti tutù. Igi mẹ́ta ṣì wà láyà rẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n bọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni.

Ọkàn rẹ̀ ni, dókítà ní ó ti bàjẹ́ tipẹ́. Sulo sì mọ̀ láti ìgbà tí ewé ti ń já, kí òtútù tó wọlé. Hilja rí oògùn nínú agolo kọfí tó ti gbó. Ó kún dé ẹnu. Kò lò ju márùn-ún lọ.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ nídìí tábìlì.

“Màámi, ẹ má tan ara yín,” ni Marketta wí. “Ọkàn wọn ni kò gba ooru yẹn mọ́. Wọn ò lè jókòó ni wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀.”

“Irọ́,” ni Arvo wí. “Èmi tí mo wọ́ ọ lẹ́sẹ̀! Ó ti kú tán lọ́jọ́ yẹn, kò sọ̀ kalẹ̀. Ọkàn wo ló máa wá mú un sọ̀? Ó fi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Bàbá mi? Fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹnìkan?”

Hilja ń bu kọfí fún wọn. Nǹkan kan ṣoṣo tó fẹ́ mọ̀ láyé nìyẹn, ẹni tó mọ̀ ọ́n sì wà nínú pósí.

Sísin rẹ̀ kò rọrùn. Ní oṣù kejì, ilẹ̀ ibẹ̀ dì bí irin. Àwọn agbẹ́lẹ̀ á fi páànù bo ojú ilẹ̀, wọ́n á kó èédú tó ń jó sábẹ́ ẹ títí á fi rọ̀. Ọjọ́ kan sábà máa ń tó. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Reijo, olórí wọn, wá kanlẹ̀kùn. Ó ti ṣí fìlà.

“Màmá, ẹ má bínú. Ọdún kọkànlá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí rèé. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ilẹ̀ náà kọ̀.”

“Sulo ni,” Hilja ní. “Ẹ fi ọjọ́ kan kún un.”

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kẹta. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni bàálù máa gbéra. Ẹnu kún. Wọ́n ní ìyàwó wo ló ń sin ọkọ lọ́sẹ̀ yìí, tó ń lọ yá oòrùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Marketta pàápàá ní kó sún un síwájú.

“Tí n ò bá lọ,” Hilja ní, “òun ló tún borí nìyẹn.”

Àpò Sulo wà nídìí ilẹ̀kùn. Ó ti di ẹrù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, bó ṣe máa ń ṣe. Hilja kò tú u. Ó gbé e dání bẹ́ẹ̀. Nínú bàálù, ó fi í sórí ìjókòó Sulo, ó fi bẹ́líìtì dè é.

Etí òkun ló ti wá tú u. Ṣòkòtò onírun àgùntàn méjì wà níbẹ̀, nínú ooru yẹn. Ìbọ̀wọ́ wà níbẹ̀. Aṣọ ìjókòó onílà búlúù wà níbẹ̀, òun ló fi wé òṣùwọ̀n ooru ara fèrèsé.

Hilja fi òṣùwọ̀n náà kọ́ ara agboòrùn. Ó dúró tì í. Pupa inú rẹ̀ gòkè, ó gòkè, ó dúró.

Méjìlélógún.

Hilja bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi dà lójú rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń wò ó. Ó dúró de ikọ́. Ikọ́ náà wá, ó kéré, ó sì lọ.

Ó tẹ́ aṣọ onílà búlúù sórí àga kejì. Ọkùnrin ará Jámánì kan dé, ó sanra, ó fi ọwọ́ béèrè pé ṣé àga náà ṣófo.

“Ẹnìkan wà níbẹ̀,” Hilja fi èdè Finland dá a lóhùn.

Kò jọ pé ọkùnrin náà gbọ́ èdè, àmọ́ ó wo aṣọ, ó wo ojú obìnrin náà, ó kọjá lọ.

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, òun àti aṣọ náà. Oòrùn ń mú, òkun ń bọ̀, ó ń lọ. Ó mí sínú, afẹ́fẹ́ wọlé dé ibi tí kò dé láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀sán gangan dé. Iyanrìn ti kún bàtà rẹ̀. Àwọn tó yí i ká ń kó ẹrù wọn lọ sábẹ́ òjìji, lọ́kọ̀ọ̀kan. Hilja kò mira. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀ pé ara òun gbà á, òun lè jókòó síbẹ̀ dìrọ̀lẹ́.

Ó wo àga kejì.

“Ó gbóná,” ó ní.

Ó sì kọ́kọ́ dìde.