Agbowó Orí Tí Ojú Tì Níwájú Ọmọdé

Yéè! Ọkọ mi, ó wá di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Èmi Àbíkẹ́, ìyàwó yín, ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sínú ìwé ètò ìsìnkú yín. Ìyìn wà lẹ́nu mi lóòótọ́: ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bàbá tó ń fọ aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú ló ṣáájú ìyìn nínú ayé wa, kò sì yẹ kí n fi í pamọ́ lónìí.

Agbowó orí ni yín, ẹ ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ṣàgámù. Ẹ ń gbà á lọ́wọ́ àwọn olóbì, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta búrẹ́dì létí títì Ògèrè, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń pàtẹ gààrí ní Ipara, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà. Owó oṣù yín nídìí iṣẹ́ náà la fi rán àwọn ọmọ tiwa lọ sí ilé ìwé aládàáni. Tí àwọn ìyá ọmọ kíláàsì mi bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni ọkọ mi ń ṣe, mo máa ń ní, "Ìjọba ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́." Mi ò jẹ́ kó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí mo gbàgbé awò ojú mi sílé, ẹ gun ọ̀kadà gbé e wá fún mi nílé ìwé. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ẹ bá àwọn ọmọ kíláàsì mi lórí àpò sìmẹ́ńtì tí a tẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń kọ̀wé lórí itan, omi ṣì ń kán sí wọn lára láti òkè. Ọmọbìnrin kan dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbowó lọ́wọ́ màmá mi. Màmá mi ní owó bẹ́ǹṣì wa ni. Ìgbà wo lẹ máa gbé e wá?" Kò fi yín ṣẹ̀sín o. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ gbé awò náà lé tábìlì, ẹ sì jáde.

Nígbà tí mo délé, oúnjẹ yín ṣì wà nínú abọ́. Ẹ ní, "Ìyá Fọlákẹ́, ojú tì mí débi pé mi ò lè dágbére fún ẹ."

Kò pẹ́ sí i, àwọn ọ̀gá yín láti olú ìlú wá bá àwọn oníṣòwò ṣèpàdé ní Ṣàgámù lórí owó orí. Ẹ dìde láàárín wọn, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ owó orí kúrò lọ́rùn àwọn alátẹ. Ilé ìwé tó wà létí títì, tí àlejò ń rí, là ń kùn lọ́dà. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, òjò ló ń pa ọmọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí owó lọ síbi tí àìní wà." Ọ̀gá yín ní kẹ́ ẹ jókòó. Ẹ ò jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ yín lọ sí ẹnu ibodè láti fi jẹ yín níyà, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín sì ń sọ kiri pé ẹ dójú ti ilé iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ò kú síbẹ̀. Àwọn oníṣòwò gbé e, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, títí ìjọba fi yọ̀ǹda àwọn alátẹ kéékèèké kúrò nínú owó orí. Ìjọba gbé bẹ́ǹṣì wá sí Ipara, páànù tuntun sì gun orí kíláàsì wa. Nígbà tí àwọn òbí fẹ́ ṣe àjọyọ̀ ìdúpẹ́ fún yín, ẹ kọ̀. Ẹ ní, "Ohun tó jẹ́ tiwọn la dá padà. Ṣé wọ́n ń dúpẹ́ ìyẹn ni?"

Lọ́jọ́ kejì tí ẹ jáde láyé, àwọn obìnrin Ipara tí ẹ ti gbowó lọ́wọ́ wọn rí gbé iṣu àti igi ìdáná wá sílé wa. Àgbà inú wọn dì mọ́ mi, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má sunkún mọ́. Ọkọ yín gbọ́ tiwa." Mi ò lè gbójú sókè wò wọ́n.

Ilé ìwé kan ṣì wà lọ́nà Ìlárá tí àwọn ọmọ ti ń jókòó sílẹ̀, àwa sì ń náwó tẹ ìwé ìsìnkú aláràbarà yìí. Fọlákẹ́ wa ti ní òun máa dìde sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nípàdé owó orí tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ojú ń ti òun. Mo ní kó lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìtìjú náà lójú rẹ̀.

Ẹ sùn re o, ọkọ mi, ẹni tí ojú ń tì.