Sítáǹdì Tí Mo Sunkún Rà

Òórùn epo ìbọn ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nílé wa l'Ọ̀kà. Bí bàbá mi bá ti kírun àsùbá tán, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa fi àkísà nu ìbọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, òórùn náà á sì bá ti ògì gbígbóná ìyá mi wọ yàrá. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Òun ló ń kọ́ àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ oko àdúgbò wa bí wọ́n ṣe ń yìnbọn, lórí àpáta pẹrẹsẹ kan lẹ́yìn ilé. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń lò, kí ọta gidi má baà ṣòfò.

Ihò tí ìbọn náà ń dá sára bébà kò ju orí ìṣó lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa fi awò awọ̀nàjíjìn wò ó, kó sọ ibi tí ọta bà fún ẹni tó yìnbọn, kí ìyẹn lè tún ọwọ́ ṣe. Èmi lẹni náà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n máa ń lé lọ fọ abọ́ nígbà tí àwọn àgbà bá ń ṣe nǹkan gidi, ẹ ó mọ bí mo ṣe ń yan tó. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ìdí mi kì í sì í gbélẹ̀. Ìyá mi a máa ní, "Ràlíà, bí wọ́n bá so ẹ́ mọ́ òpó, òpó náà á rìn."

Nígbà tí sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí awò náà ń jókòó lé kán, bàbá mi gbé mi lọ sọ́jà Ìkàrẹ́. Ọkùnrin ará Arigidi kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ gbé méjì síwájú wa. Ọ̀kan kúrú, ó wúwo, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Èkejì ga, ó ń dán, ó sì fúyẹ́ débi pé mo lè fọwọ́ kan gbé e. Bàbá mi fọwọ́ ti èyí tó kúrú, kò mì. Ó ti èkejì, ó gbọ̀n títí. Ó ní, "Ìwọ náà rí i." Mo rí i. Ṣùgbọ́n èyí tó kúrú máa fẹ́ kí n kúnlẹ̀ sójú kan lórí àpáta. Èyí tó ga ni mo lè dúró tì, kí n máa jó bó ṣe wù mí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí mo fi bú sẹ́kún. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ra èyí tó ga. "Má fa ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn tán o. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, kó o so òkúta mọ́ ọn nísàlẹ̀."

Ọjọ́ ìdánwò bọ́ sígbà ọyẹ́. Àyè ẹnì kan ló ṣẹ́ kù láàárín àwọn tó ń ṣọ́ oko, owó oṣù sì wà níbẹ̀. Bọ̀dá Múfú, àbúrò bàbá mi, ń fẹ́ àyè náà lójú méjèèjì. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń wáṣẹ́ kiri, ìyàwó rẹ̀ sì ti lóyún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹni kọ̀ọ̀kan máa yìnbọn. Ọmọkùnrin àdúgbò kan ló kọ́kọ́ yìn, ó sì ṣe dáadáa. Ìgbà tó kan Bọ̀dá Múfú ni atẹ́gùn dé.

Mo ti fa ẹsẹ̀ sítáǹdì gùn tán, n kò sì so òkúta kankan mọ́ ọn. Bọ̀dá Múfú yìn. Nínú awò, bébà ń fò sókè sódò, n kò rí ihò kankan. Gbogbo àgbà ń wò mí. Bí mo bá ní n kò rí i, wọ́n á gba ipò mi fún ẹlòmíì. Mo ní, "Ó ya sósì, Bọ̀dá." Ó tẹ ẹnu ìbọn sọ́tùn-ún díẹ̀, ó yìn. Mo ní, "Ó ṣì ya díẹ̀." Ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i.

Nígbà tí bàbá mi mú bébà dé, ihò kan wà láàárín gan-an, méjì wà létí ọ̀tún. Mo mọ̀ pé ti àárín ló jẹ́ àkọ́kọ́. Bọ̀dá Múfú wo bébà náà pẹ́, ó ní, "Ọwọ́ mi ló gbọ̀n, Ẹ̀gbọ́n." Wọ́n fún ọmọkùnrin yẹn láyè náà. Lọ́sẹ̀ kejì, Bọ̀dá Múfú lọ wáṣẹ́ l'Ékòó, kò sì sí nílé nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ.

Ara mi kò tíì balẹ̀ títí dòní. Tísà ni mí ní Àkúrẹ́, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì mọ̀ pé n kì í jókòó. Iléyá tó kọjá, bí a ti ń gé ẹran, Bọ̀dá Múfú, tí irun rẹ̀ ti ń funfun, bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ràlíà, ọjọ́ ìdánwò yẹn, ṣé òsì lo rí i lóòótọ́?" Kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ òun fìgbà kan dáa ni.

Mo ní, "Òsì ni, Bọ̀dá."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó kọ́kọ́ pa irọ́ yẹn, ẹ̀rù ló bà á, mo ti forí jì í. Obìnrin tó tún un pa lọ́jọ́ Iléyá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.