Ògiri Ta Ni A Ó Kọ́kọ́ Wó?

Ìyàwó mi kò fẹ́ràn fọ́tò ilé tí kò ní ènìyàn nínú. Ó ní ó máa ń jọ ilé tí ogun lé àwọn ará ibẹ̀ jáde. Èmi, ní tèmi, ilé gan-an ni mo ń wá.

Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé 1980, ní gbogbo Sátidé tí iṣẹ́ bá gbà wá láyè, ọkọ̀ ìjàpá wa máa ń fi àdúgbò wa ní Mayfair sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. A lọ sí Abẹ́òkúta, a lọ sí Àgbádárìgì, a lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́, ilé ajẹ́lẹ̀ lórí òkè, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn oníṣòwò àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe òdòdó sí lára, ni mo ń yà. Bí a bá bá ọdún ìlú pàdé lọ́nà, a ó dúró, n ó ya ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kí n tó to ẹsẹ̀ mẹ́ta tí mo ń gbé kámẹ́rà lé tán, ìyàwó mi ti kí gbogbo agboolé. Nígbà tí n óò bá fi gbójú sókè, bàbá onílé ti gbé agbádá wọ̀, ìyá ti wé gèlè, gbogbo wọn ti tò síwájú ilẹ̀kùn tí mo torí rẹ̀ wakọ̀ láti àárọ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ má fajú ro," ni yóò wí. "Ilé wọn ni."

Mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní yunifásítì. Òun jẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ògbó. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Ọmọ Ìwó ni òun, bàbá rẹ̀ sì ni lèmọ́mù àdúgbò wọn. Inú àpò kan náà ni a ń kó fíìmù mi àti ẹní ìkírun rẹ̀ sí.

Lẹ́yìn gbogbo ìrìn àjò yẹn, ẹ̀yìnkùlé wa ni ọ̀rọ̀ ti wá bá wa. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Ìrẹmọ: ògiri alámọ̀ tí wọ́n rẹ́, páànù tó ti dípẹtà, agogo nínú ilé pákó lókè, àti fèrèsé kan tí gíláàsì aláwọ̀ mèremère ṣì kù sí. Àwọn àgbà ìjọ yóò pàdé ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tó kàn, láti dá ọjọ́ tí wọn yóò wó o. Fọ́tò mẹ́rin péré ló kù nínú fíìmù mi. Fíìmù ti wọ́n nígbà náà; mo wá a dé Ìbàdàn, n kò rí. Mo ti mọ bí n óò ṣe ná mẹ́rin náà: iwájú, agogo, inú ilé, àti fèrèsé yẹn nígbà tí oòrùn òwúrọ̀ bá gba inú rẹ̀ wọlé.

Màmá àgbàlagbà kan ni a bá tó ń gbá àgbàlá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà," ni ìyàwó mi wí.

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé òkú lẹ wá wò?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, Mà! Ta ló kú?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni. Ọjọ́ ìsìnkú nìkan ni wọn ò tíì dá."

Ìyàwó mi gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbá ilẹ̀, màmá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. "Ibí yìí ni tiwa, láti fèrèsé yìí títí dé igun yẹn. Orí mi yìí ni mo fi ru omi tí wọ́n fi po amọ̀ ẹ̀." Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé náà. Wọ́n fi ìṣísẹ̀ pín ògiri fún agboolé kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù sì mọ tirẹ̀. "Ẹ wo ti àwọn tó tẹ̀ lé wa bó ṣe wọ́. Ẹmu ni wọ́n mu yó kí wọ́n tó mọ ọ́n."

Ìyàwó mi padà wá bá mi nídìí ọkọ̀. "Bàbá Ìbejì, mélòó ló kù nínú fíìmù yẹn?"

"Mẹ́rin."

"Ògiri mélòó ni ilé ní?"

Ó yé mi kíákíá: ó fẹ́ kí àwọn tó mọ ògiri kọ̀ọ̀kan dúró tì í nínú fọ́tò. Mo ní rárá.

"Ẹ̀yin fẹ́ ya bó ṣe rí," ó wí. "Èmi fẹ́ kó wà."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé fèrèsé yẹn sọ́kàn bí ọmọdé tó di ẹran mọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ní kó máa lọ pè wọ́n.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, agboolé dé agboolé ló lọ ní Ìrẹmọ. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n dé: aṣọ ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀pá ìtilẹ̀, àga fún àwọn tí kò lè dúró. Ìjà ààlà kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ láàárín bàbá arúgbó méjì.

"Tiwa ni fèrèsé yìí!"

"Tiyín báwo? Ẹ̀yin tí ẹ ò parí tiyín títí òjò fi dé?"

"Ẹ má bú ara yín níwájú kámẹ́rà," ni màmá tó ń gbálẹ̀ wí. "Yóò gbọ́."

Mo ya iwájú, mo ya ẹ̀yìn, mo ya ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ku ògiri ìhà ìlà-oòrùn. Níbẹ̀, bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta ṣófo láàárín agboolé méjì. Ẹnì kan ní kí wọ́n sún mọ́ra, kí wọ́n dí i.

"Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ mọ ọ́n," ni màmá wí. "Àwọn Mùsùlùmí ahunṣọ kan ló mọ ọ́n. Ìwó ni wọ́n ti wá, àbí Ẹdẹ. Wọ́n ní àwọn ò lè jókòó nídìí òfì kí aládùúgbò máa ru amọ̀. Wọ́n ti padà sílé tipẹ́."

Ìyàwó mi gbé àpò fún mi. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ìwó ni èmi náà ti wá," ó wí, ó sì lọ dúró síbẹ̀.

"Ọmọ lèmọ́mù rèé lára ṣọ́ọ̀ṣì o!" ni ẹnì kan ké.

"Ẹ má lọ rojọ́ mi fún bàbá mi!"

Mo tẹ kámẹ́rà. Gbogbo wọn le gbagidi bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe nínú fọ́tò. Òun nìkan ni eyín rẹ̀ hàn.

Mo fọ fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sọ wọ́n di ńlá, màmá sì ní kí wọ́n to wọ́n síwájú ìpàdé. Wọ́n fún àwa méjèèjì láyè lẹ́yìn pátápátá. Alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òótọ́ ni pé òjò ń rọ̀ sí wọn lórí. Ó tẹ́ àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì tuntun sílẹ̀, ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Nígbà tó parí, màmá dìde.

"Alága, ọ̀rọ̀ yín dùn. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ògiri ta ni a ó kọ́kọ́ wó?"

"Mà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ti—"

"Ẹ ṣáà fọwọ́ tọ́ka sí i."

Alága rìn lọ sídìí àwọn fọ́tò, ó fi awò sójú. Ó tẹ̀ síwájú, ó tún tẹ̀ síwájú. Lábẹ́ fèrèsé kejì, lórí àga, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ìyá tó bí i lọ́mọ ló jókòó.

"Màámi, ẹ̀yin náà?"

Láàárín àwọn obìnrin, ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ṣé kí n má jókòó ti ògiri bàbá mi ni?"

Ẹ̀rín bú sílé. Alága náà rẹ́rìn-ín níkẹyìn, ó ká àwòrán rẹ̀. "Ó dáa. Ẹni tó bá fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti tiwọn, kó nawọ́."

Ọwọ́ kankan kò gbéra. Wọ́n fi ẹnu kò pé ẹ̀yìn àgbàlá ni ṣọ́ọ̀ṣì tuntun yóò wà, kí wọ́n pààrọ̀ páànù ti àtijọ́. Wọ́n lu agogo ní ọ̀sán gangan títí okùn rẹ̀ fi já. Àwọn ìyá fà wá jó láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ọkọ̀. Èmi tí n kì í jó, mo jó.

Nígbà tí fíìmù tún wọ̀lú, mo padà lọ ya fèrèsé mi, láìsí ènìyàn. Ìyàwó mi wò ó, ó ní ó dára, pẹ̀lú ohùn tí a fi ń yin ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Ọdún kẹta rèé tí a sin ín sí Ìwó. N kò tíì mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí. Láti ìgbà fọ́tò ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, ìjọ náà a máa pe agboolé kọ̀ọ̀kan síta ní ọjọ́ ìrántí ìdásílẹ̀ wọn, kí wọ́n dúró ti ògiri wọn. Lọ́dún yìí, wọ́n ránṣẹ́ sí èmi àti àwọn ìbejì. Mo rò pé àlejò ni wọ́n pè wá. A jókòó, wọ́n ń pe agboolé, wọ́n ń jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ń pè wọ́n gbé ohùn sókè:

"Ògiri Ìyá Ìbejì!"

Gbogbo ilé yí padà wò wá. Bí wọ́n ti ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n kàn ń fi àyè náà sílẹ̀ ni.

A jáde. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri náà. Oòrùn òwúrọ̀ ti mú un lọ́wọ́ọ́rọ́. Obìnrin tó ń ya fọ́tò fún wọn ní kí a sún sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí òun lè rí ògiri dáadáa.

Mo ní kó fi ògiri sílẹ̀, kó ya ènìyàn.