Nọ́ńbà Ọ̀gá Mi

Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pe ọ̀jọ̀gbọ́n tó bójú tó ìwádìí mi ní yunifásítì n'Ílọrin. Ẹ má bínú, n kò lè ṣe é. Ọ̀wọ̀ rẹ̀ ti tán lára mi.

Ìràwọ̀ ni mo ṣiṣẹ́ lé lórí. Lábẹ́ ojú ìràwọ̀, gáàsì gbígbóná ń ru sókè, èyí tó tutù ń já wálẹ̀, bí ẹ̀wà tó ń hó nínú ìkòkò. Rúkèrúdò yẹn ló ń mú ìràwọ̀ gbọ̀n, a sì ń rí gbígbọ̀n náà nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ṣírò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ìràwọ̀ tiwa máa ń yára gbọ̀n ju ti ojú ọ̀run lọ, nítorí a kò ka agbára tí rúkèrúdò náà fi ń ti ojú ìràwọ̀ síta kún un.

Èyí kò da ọ̀gá mi láàmú rárá. Ó ní nọ́ńbà kan tó fi mú ìṣirò bá oòrùn wa mu nígbà èwe rẹ̀, òun ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ń bo àṣìṣe: ìràwọ̀ kékeré, ìràwọ̀ ńlá, arúgbó ìràwọ̀ tó ti wú bíi búrẹ́dì. Fìlà kan náà fún gbogbo orí. Ìyẹn ló ń pè ní ìmọ̀.

Mo sọ fún un pé arúgbó ìràwọ̀ ni tèmi, mo fẹ́ ṣírò rúkèrúdò náà gan-an. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tí nọ́ńbà òun kò bá sí níbẹ̀, òun kò ní fọwọ́ sí i, oyè ọ̀mọ̀wé mi á sì wọgbó.

"Ìràwọ̀ wo ló máa wá bá ẹ jà n'Ílọrin?"

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo padà sí yàrá mi ní Ṣàngó, mo ṣírò rúkèrúdò náà bó ṣe yẹ. Mo mọ irú ẹni tí mò ń bá lò. Nígbà tí mo gbé ìwé ìwádìí mi lọ bá a, ó gbé e wò lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu, ó fọwọ́ sí i, ó sì béèrè bóyá orúkọ òun ló ṣáájú níbi tí mo ti dúpẹ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, obìnrin tó wá yẹ iṣẹ́ mi wò láti yunifásítì mìíràn ní gbígbọ̀n ìràwọ̀ mi bá ti ojú ọ̀run mu rẹ́gí. Ó bi mí bí mo ṣe ṣe é. Kí n tó lanu, ọ̀gá ti dìde, ó ń tún táì ṣe. Ó ní nọ́ńbà òun ni, òun fúnra òun lòun ní kí n fi sí i.

Obìnrin náà ti ẹ̀dà ìwé náà tó jẹ́ ti ọ̀gá sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Prof, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ibi tó wà hàn."

Ọ̀gá ṣí i. Àwọn ewé rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra bí àwọn tó ń di ìwé ládùúgbò Post Office ṣe dì í. Ó ń tọ́ ìka lá, ó ń ṣí i lọ, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo jókòó, mo ń wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ka iṣẹ́ mi nìyẹn.