Àlejò Tí Alhaja Dúró Fún

Mo mọ̀ pé o ò ní gbà mí gbọ́, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe. Òórùn èèpo obì tó ti ń rà ló gba gbogbo àgbàlá àwọn olóbì ní Makun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ èèyàn títí délé. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe áàpù fún ẹgbẹ́ wọn, tí yóò máa sọ irú obì tó dé àti ọkọ̀ tó ń gbéra lọ sókè Ọya. Alága wọn, Alhaja kan tó tó ìyá mi í bí, ti là á mọ́lẹ̀: "Tí ò bá ṣí lórí fóònù tèmi kí ìpàdé ọ̀la tó bẹ̀rẹ̀, kó ẹrù ẹ máa lọ."

Áńdíróìdì ni ti àwọn yòókù. Ìyẹn ò le: mo fi áàpù ránṣẹ́ lórí Wásáàpù bí ẹni ń pín mọ́ínmọ́ín, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Ṣùgbọ́n áífóònù ni ti Alhaja, ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló rà á. Èdè kọ̀ǹpútà mìíràn ni mo fi kọ áàpù tirẹ̀, kọ̀ǹpútà mìíràn ni mo yá lò, síbẹ̀ kò lè gba ọwọ́ mi wọlé. Àfi kó gba ilé ìtajà áàpù àwọn tó ṣe áífóònù kọjá, níbi tí òyìnbó kan ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Òyìnbó yìí ti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Alhaja ń ṣa obì ní tiẹ̀, ó ń wo ihò kòkòrò lára wọn níkọ̀ọ̀kan, kò wojú mi.

"Ọ̀mọ̀wé, kí ló ní ó ṣe é gan-an?"

"Ó ní òun ò rí ọ̀nà wọlé, Alhaja."

"Ta ló dúró fún un?"

Kò sẹ́ni tó ń wọ ẹgbẹ́ olóbì láìjẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan dúró fún un, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo sì ṣe áàpù náà: orúkọ tuntun kì í wọlé àfi tí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́ pé òun mọ̀ ọ́n. Lórí Áńdíróìdì, àwọn tó mọra wọn ló ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Lórí áífóònù, òyìnbó tó jẹ́ àlejò yìí ló kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn, èmi ni mo sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Alhaja ní kí n kọ orúkọ sílẹ̀ fún àlejò náà. Ó gba Áńdíróìdì mi, ó fi ìka tí oje obì ti kùn tẹ̀ ẹ́ pé òun mọ̀ ọ́n.

"Ẹ mọ̀ ọ́n ni, Alhaja?"

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé mo mọ̀ ẹ́ kí wọ́n tó mú ẹ wá?"

Mo fi orúkọ náà àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ránṣẹ́ sí òyìnbó, kó fi wọlé yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n: kí n tó kọ ìlà áàpù kan fún fóònù èyíkéyìí lónìí, mo máa ń bi ara mi pé ta ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn, ta ni yóò sì ṣí i.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, òyìnbó ti fọwọ́ sí i, áàpù ti wọ ilé ìtajà wọn. Mo sáré dé Makun, Alhaja ti ń tẹ̀ ẹ́ kiri, ìpàdé ti kún. Mo ti fẹ́ máa ṣe yànga.

"Ẹni tí mo dúró fún dà? Ó yẹ kó ti wá dúpẹ́."

"Alhaja, òkè òkun ló wà o."

"Ta ló mú un wá?"

Bí èmi, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo ẹgbẹ́ nìyẹn, tí mo ń dúpẹ́ lórúkọ òyìnbó tí mi ò rí rí.