Sìmẹ́ńtì Olówó àti Àdí Ọmọ Tuntun

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, balùwẹ̀ sìmẹ́ńtì ni balùwẹ̀ tálákà. Ẹni tó bá lówó díẹ̀ á lẹ táìlì mọ́ tiẹ̀, á sì máa mú àlejò lọ wò ó bí ẹni pé ọba ló tẹ́ síbẹ̀. Èmi náà gbàdúrà títí kí n tó ní táìlì tèmi nílé wa ní Adabraka, ní ìlú àwọn Ga tí a ṣí wá gbé, aláwọ̀ omi òkun, tí ọkọ mi rà kí ó tó kú. Ẹ wá wo ojú mi lọ́jọ́ tí ọmọ mi ọkùnrin jókòó tì mí, tó ní òun fẹ́ fi sìmẹ́ńtì bo táìlì náà mọ́lẹ̀.

Ó ní kì í ṣe sìmẹ́ńtì lásán, maikirosìmẹ́ńtì ni, èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná bí àtíkè, tí wọ́n pò mọ́ àwọ̀, tí wọ́n ń rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára ògiri. Ó fi hàn mí nínú fóònù rẹ̀. Balùwẹ̀ kan ni, ó rí bí inú igbá tí wọ́n fá dáadáa, kò sí ìlà, kò sí oríkèé, ògiri àti ilẹ̀ wọnú ara wọn. Mo bi í pé ta ló ń gbé ibẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀. Mo ní ó hàn, torí mi ò rí kànìnkànìn níbẹ̀, mi ò rí bùtà, mi ò rí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ni ín kì í wẹ̀.

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, oyún àkọ́kọ́, ó sì fẹ́ kí ọmọ bá balùwẹ̀ tó mọ́. Ó ní èérí dúdú tó ń jókòó sí àárín táìlì wa yẹn lè kó àìsàn ran ọmọ ìkókó. Ìyàwó yìí, ọmọ Ga ni. Jamestown, létí òkun ìlú kan náà, ni wọ́n ti bí i, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí kí ó tó wọlé wa, nítorí náà èmi ni mo kù tó ń pè ní ìyá. “Awo” ló ń pè mí, bí àwọn Ga ṣe ń pe ìyá wọn, Yorùbá tó sì gbọ́, ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ.

Ohun kan ṣoṣo ni èmi ń rò nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ìwẹ̀ ọmọ tó ń bọ̀. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sínú agbo ilé wa, orí ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ti kọ́kọ́ wẹ̀. Màá jókòó sórí àpótí kékeré, màá na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, màá tẹ́ ọmọ lé e. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn tó ti rọ̀ ló kọ́kọ́ ń wá, lẹ́yìn náà ni àdí. Màá na apá, màá na ẹsẹ̀, màá fi ọwọ́ tẹ orí kí ó lè rí roboto, màá gbé ọmọ jù sókè kí àyà rẹ̀ má baà máa já. Ọmọ mi tó ń fi fóònù hàn mí yìí, orí ẹsẹ̀ yìí náà ló ti tọ̀ sí mi lẹ́nu.

Oníṣẹ́ dé. Ó so tìmùtìmù mọ́ orúnkún, ó ki nǹkan orin bọ etí. Kò fọ́ táìlì kankan, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì fẹ́ràn nìyẹn. Kò sí eruku, kò sí ẹni tó ń ru àfọ́kù gba inú pálọ̀ mi kọjá. Ó rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, ó jẹ́ kí ó gbẹ, ó fi bébà oníyanrìn họ ọ́, ó tún rẹ́ òmíràn lé e, ó wá fi nǹkan bí fáníìṣì kùn ún kẹ́yìn kí omi má baà wọ inú rẹ̀. Ó fara balẹ̀, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Mo gbé àpótí mi sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó. Mo sọ fún un pé bí ìyá ìyá mi ṣe ń fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí, ọwọ́ kan náà, ilẹ̀ tiẹ̀ náà kò sì ní oríkèé. Ó yọ nǹkan etí rẹ̀. Ó ní ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, òkè òkun ni tòun ti wá. Mo ní màlúù tiwa náà, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀.

Nígbà tí ó parí, ọ̀rẹ́ mi kan wá kí wa, èyí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi ní ọjà Okaishie, níbi tí mo ti ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì, bùtà àti ẹní rọ́bà. Ó wọ balùwẹ̀ láti ṣe àlùwàlá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, ojú rẹ̀ sì ti yí padà. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, “Má ronú jù. Díẹ̀díẹ̀ ni ilé kíkọ́. Ọlọ́run tó bá yín bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ á pèsè owó táìlì.”

Ọmọ mi jókòó sí pálọ̀, ó gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òtítọ́, mo jẹ ìgbádùn rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń kúnlẹ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì ha àárín táìlì, bí mo bá sì dìde, ẹ̀yìn mi á máa bá mi ṣe ẹjọ́ títí di ọjọ́ Àìkú. Báyìí, mo kàn ń fi àkísà nù ún kọjá ni, ó ti tán. Aáyán wọlé, ó wá ibi fara pamọ́ sí, kò rí, ó padà síbi tó ti wá. Ilẹ̀ náà tutù lẹ́sẹ̀ dáadáa nígbà ooru.

Lẹ́yìn náà ni òfin bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi dúró bí lemọ́mù lórí mínbárì. Kí ẹnikẹ́ni má da bílíìṣì sí i, á jẹ ojú fáníìṣì. Kí ẹnikẹ́ni má fi irin ìfọkòkò ha á. Osàn wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ kán sí i, làálì kò gbọdọ̀ kàn án. Kí a má wọ́ àgbá omi lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi ẹ̀rọ tiwa kì í yọ àfi ìgbà tó bá wù ú. Bí òróró bá dà, kí a nù ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí omi má pẹ́ lójú kan.

Mo bi í pé, “Ṣé omi tilẹ̀ láyè nínú balùwẹ̀ yìí?”

Ó ní omi láyè, bí kò bá ti pẹ́. Mo ní ó dáa, àlejò ni omi.

Òfin tó kẹ́yìn ló dùn mí. Ó gbé abọ́ ìwẹ̀ ọmọ kan wọlé, èyí tó ní ẹsẹ̀ bíi tábìlì, ó ní inú yàrá ni wọn yóò ti máa wẹ ọmọ nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì, kí àdí àti ọṣẹ dúdú má baà ba ilẹ̀ jẹ́. Abọ́ rọ́bà ló rà o, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sì ti rà á. Mo wọ yàrá mi, mo gbé ìgò àdí tí mo ti ń pa mọ́ láti ìgbà tí oyún náà ti hàn, mo tì í sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí kò bá wẹ ọmọ, kí ló tún fẹ́ ṣe nínú ilé? Kó máa wo ògiri?

Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ bí i, obìnrin ni. Òwúrọ̀ tí wọ́n ti ọsibítù dé, mo gbúròó ìwẹ̀ náà láti yàrá mi. Ọmọ ń ké, abọ́ ń mì, ọmọ mi ń sọ pé kí wọ́n di orí mú, ìyàwó ń sọ pé orí lòun dì mú. Omi ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Nígbà tó yá, ìyàwó ṣí ilẹ̀kùn mi, ọmọ wà láyà rẹ̀ nínú tówẹ̀lì, ọṣẹ ṣì wà nírun rẹ̀.

Ó ní, “Awo, ẹ bá mi wẹ̀ ẹ́. Ká ní ìyá mi wà láyé ni, ilẹ̀ ló máa jókòó sí, ìyẹn ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè.”

Mo fa ìgò àdí mi jáde.

Ọmọ mi dínà balùwẹ̀ bí ọlọ́pàá. Ó ní òróró àti ọṣẹ lórí ilẹ̀ tó jọ̀lọ̀ bẹ́ẹ̀, màá yọ̀ tòun ti ọmọ. Ibẹ̀ yẹn, ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, mo sì gbà fún un. Ṣùgbọ́n ìyàwó rán an létí pé òun fúnra rẹ̀ ló ní oníṣẹ́ ti po nǹkan kan mọ́ fáníìṣì tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀. Ojú tì í láti ní irọ́ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, omi lásán kò lè mú ènìyàn yọ̀ níbẹ̀. Mo ní kí a má fi ọmọ dán nǹkan wò, kí àgbàlagbà kọ́kọ́ rìn ín. Mo ta àdí sílẹ̀, mo fi ọṣẹ sí i.

Ọmọ mi wọ inú rẹ̀, ó gbáyà síwájú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gba ọ̀nà Jamestown, ẹsẹ̀ òsì gba ọ̀nà Okaishie, ìdí jókòó sáàárín. Ìyàwó ń bẹ̀ wá pé kí a má pa òun lẹ́rìn-ín, ojú abẹ òun ò tíì jinná.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ilẹ̀ náà ò fọ́, àbí?”

Mo fọ àdí náà kúrò, mo wọ inú ọjà títà mi tó wà nílé, mo mú ẹní rọ́bà kan tí abẹ́ rẹ̀ rí kókokóko, irú èyí tí kì í sún. Mo tẹ́ ẹ, mo gbé àpótí lé e, mo na ẹsẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ké díẹ̀ nígbà tí ọṣẹ kàn án, ṣùgbọ́n nígbà tí àdí dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó dákẹ́, ó ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ mí níbì kan rí. Mo na apá, mo na ẹsẹ̀, mo jù ú sókè. Kí n tó fi ìró wé e, ó ti sùn. Bàbá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di ìdí mú. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń wẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, títí ó fi jókòó, títí ó fi dìde dúró.

Ẹní náà wà lójú kan ní gbogbo ìgbà yẹn. Kí ni mo fẹ́ máa ká a fún, nígbà tí a ó tún lò ó ní ìrọ̀lẹ́? Ìgbà tí a wá ká a ni a rí i pé ilẹ̀ ti ṣá lábẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun bí làpálàpá, gbogbo kókó abẹ́ ẹní ló sì hàn síbẹ̀. Omi àti àdí tó há sábẹ́ rọ́bà kò rí ọ̀nà jáde. Oníṣẹ́ padà wá, ó wò ó, ó mi orí. Ó ní kò ṣeé lẹ̀, àwọ̀ tuntun kò ní bá ti àtijọ́ mu, àfi kí òun rẹ́ gbogbo ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo ti ṣàárò táìlì ọkọ mi nìyẹn. Bí ọ̀kan bá fọ́ lára táìlì, ọ̀kan náà ni wàá pààrọ̀. Sìmẹ́ńtì yìí, bí aṣọ ẹyọ kan ló rí, ibi tó bá ti jó, gbogbo rẹ̀ ló jó.

Ọmọ mi ní kó wá rẹ́ ẹ. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò ní jókòó sílẹ̀ mọ́, ojú mi ló sì ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n oyún kejì ti ń hàn lára ìyàwó rẹ̀, gbogbo wa sì rí i.

Òwúrọ̀ tí oníṣẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ dé, ọmọbìnrin náà ti ṣáájú gbogbo wa wọ balùwẹ̀. A bá a lórí àpá náà. Ó jókòó sáàárín rẹ̀ gan-an, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ bèbí rọ́bà rẹ̀ lé e, ó ń tẹ orí rẹ̀ kí ó lè rí roboto. Ó gbójú sókè wo bàbá rẹ̀.

Ó ní, “Dádì, àdí.”

Ọmọ mi sọ fún oníṣẹ́ pé kó máa lọ, òun á pè é. Ó gba iwájú mi kọjá lọ sí yàrá mi, ó mú ìgò náà, ó ń bọ̀.

Mo ní kó kọ́kọ́ tẹ́ ẹní.