Ìlà Tó Ń Dúró De Akólòlò

Iṣẹ́ fíríìjì títúnṣe ni ọkùnrin kan fi ń jẹun. Ọ̀gá Dákẹ́ làwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é, nítorí ó lè tú ẹ̀rọ palẹ̀, kó tò ó padà, kó má sọ ju gbólóhùn méjì lọ. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé tó bá ti délé, ìdí kọ̀ǹpútà ló máa ń jókòó sí. Ó fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún un, láti inú ìwé àlòkù kan tí èèpo rẹ̀ ti ya dànù.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló fa èyí tó fẹ́ràn jù nínú àwọn ètò náà. Akólòlò ni, ó sì fẹ́ ṣe ìdánwò kan tí wọ́n ti máa ní kó kàwé sókè. Ẹ̀gbọ́n bá kọ ètò kan fún un: ọ̀rọ̀ á hàn lójú kọ̀ǹpútà, ìlà pupa á máa rìn lábẹ́ rẹ̀, àbúrò á sì máa kà á tẹ̀lé e. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dán an wò, inú bí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń lé mi," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó máa dúró dè mí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n fi wá ọgbọ́n sí i. Tí ọ̀rọ̀ bá ti há sí àbúrò lẹ́nu, yóò tẹ bọ́tìnnì kan, ìlà á dúró jẹ́ẹ́. Tó bá gbé ìka kúrò, ìlà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àbúrò yege. Ẹ̀gbọ́n wá gbé ètò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ̀ǹpútà tó gbé e ró wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí bàtà, ó ń kùn fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ìyàwó rẹ̀ a máa sá ìbọ̀sẹ̀ lé e lórí, nítorí ó ń gbóná dáadáa.

Ayé bá yí. Ètò náà kò ṣí lórí fóònù. Àwọn tuntun jáde, tó ń fetí gbọ́ ohùn ẹni, tó mọ ibi téèyàn há sí láìtẹ nǹkan kan. Ọ̀gá Dákẹ́ dán ọ̀kan wò, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ó dára ju tòun lọ fíìfíì. Ó kọ ìkéde pé òun yóò pa tòun ní òpin oṣù, ó júwe àwọn tuntun náà fáwọn èèyàn, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú.

Èébú ló ń retí. Lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wọlé. Ó ka méjì, ó dìde, ó lọ ń nu ẹ̀yìn fíríìjì ilé tí kò dọ̀tí. Ìyàwó rẹ̀ bá pe àbúrò.

Àbúrò dé láàárọ̀ Sátidé, ó jókòó, ó ń ka àwọn lẹ́tà náà sókè. Òṣìṣẹ́ rélùwéè kan ní òun ti ń fẹnu ara òun kéde orúkọ ibùdókọ̀. Ìyá kan ní ọmọ òun kì í fi ẹ̀ṣẹ́ jà mọ́, ẹnu ló fi ń jà, ó sì ti ń pọ̀ jù. Bàbá arúgbó kan ní òun sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú ìyàwó òun láìbẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há sí àbúrò lọ́fun. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n fẹ́ bá a parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Wọ́n dúró títí ọ̀rọ̀ náà fi jáde.

"Mo rò pé mò ń já wọn kulẹ̀ ni," ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi gan-an ò lò ó mọ́ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ojú yín ni mò ń wò tí mi ò fi sọ. Ọpẹ́ làwọn èèyàn yìí ń dú."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun gan-an ló jẹ wọ́n lọ́pẹ́, nítorí wọ́n gba òun láyè láti wúlò fún èèyàn tí òun kò ní rí láéláé. Nígbà tí oṣù parí, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa kọ̀ǹpútà náà. Fáànù rẹ̀ yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dúró, ilé sì dákẹ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rọ omi aládùúgbò.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi fèsì lẹ́tà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kọ kẹ́yìn, àwọn tó ṣe ètò tuntun náà ló kọ ọ́ sí, láti sọ fún wọn pé iṣẹ́ wọn dára gan-an.